Bí Ẹ Ṣe Lè Rí Àwọn Ẹyẹ Kékeré Abẹ́ Igbó ní Agbègbè Ẹ̀pẹ́

Ìbéèrè kan náà ló ń tọ̀ mí wá lemọ́lemọ́ láti Ẹ̀pẹ́, Ìkòròdú àti Àgbádárìgì: "A wọ igbó láàárọ̀ kùtùkùtù, à ń gbọ́ ohùn ẹyẹ lọ́tùn-ún lósì, ṣùgbọ́n a ò rí nǹkan kan ju ewé tó mì lọ. Kí ló dé?" Ohun tó dé ni pé ẹyẹ gan-an lẹ ń wá, ẹyẹ abẹ́ igbó sì ti rí yín tipẹ́ kí ẹ tó rí i. Oúnjẹ rẹ̀ ni kí ẹ wá. Ẹ dúró sí tòsí oúnjẹ náà, ẹyẹ á wá bá yín níbẹ̀. Nínú igbó ilẹ̀ wa, ìjàlọ ló ń lé oúnjẹ jáde fún un. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ ìjàlọ fi máa pọ̀ nínú ohun tí ẹ fẹ́ kà yìí.

Àwọn ẹyẹ tí à ń sọ

Ẹ gbọ́kàn kúrò lára ẹ̀gà orí ọ̀pẹ àti lékeléke etí ọ̀sà. Àwọn ẹyẹ tí mò ń wí kéré. Abẹ́ igi ńláńlá, níbi tí oòrùn kò ráyè dé, ni wọ́n ń gbé, púpọ̀ nínú wọn kì í sì í gòkè ju orí ènìyàn lọ. Kòkòrò ni wọ́n ń jẹ: ìrẹ̀, aáyán igbó, aláǹtakùn, tata, ikán. Mo fi orúkọ tó wà nínú ìwé ẹyẹ pè wọ́n kí ẹ lè rí àwòrán wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

- Fire-crested Alethe: Alethe castanea lorúkọ rẹ̀ nínú sáyẹ́ǹsì. Ó tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 16. Ẹ̀yìn rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, ikùn rẹ̀ funfun. Ìlà aláwọ̀ ọsàn kan wà láàárín orí rẹ̀, tó máa ń gbé sókè bó bá ń bá ẹlòmíràn du oúnjẹ. Òun ni ọ̀gá nínú àwọn tó ń tẹ̀ lé ìjàlọ.
- Forest Robin: sẹ̀ǹtímítà 12 péré. Ọ̀fun àti àyà rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ ọsàn, ikùn rẹ̀ funfun. Àmì funfun kékeré kan wà níwájú ojú rẹ̀; nínú òkùnkùn abẹ́ igi, àmì yẹn lẹ máa kọ́kọ́ rí.
- Red-tailed Bristlebill: ó tóbi ju àwọn méjì yìí lọ. Ìrù rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, ikùn rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ ìyeyè, awọ búlúù tí kò níyẹ̀ẹ́ sì wà lẹ́bàá ojú rẹ̀.
- Chestnut Wattle-eye: ìrù rẹ̀ kúrú débi pé ẹ máa rò pé kò ní in rárá. Akọ dúdú òun funfun ni. Abo ló pupa rẹ́súrẹ́sú.

N ò ní tàn yín o. Igbó kéékèèké tó ṣẹ́kù sáàárín oko ẹ̀gẹ́ àti ẹ́sítéètì kì í sábà ní Alethe tàbí Bristlebill mọ́. Ìjàlọ nílò ilẹ̀ tó fẹ̀ kó tó lè máa jẹ kiri, ẹyẹ tó gbójú lé e náà sì nílò rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn tí ẹ máa tètè rí nítòsí ìlú ni Grey-backed Camaroptera, tí ìyẹ́ apá rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ ewé, tó máa ń ké bí ọmọ ewúrẹ́ nínú igbó tó dí. Brown-throated Wattle-eye, tí ẹran pupa kan wà lókè ojú rẹ̀. Àti Red-bellied Paradise Flycatcher, olórí dúdú, ara rẹ̀ aláwọ̀ ọsàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fojú tẹ́ńbẹ́lú wọn. Ara wọn ni ẹ ti máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń wo ẹyẹ abẹ́ igbó kí ẹ tó wọ inú ẹgàn.

Ibo ni kí ẹ lọ?

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, Lekki Conservation Centre tó wà lójú ọ̀nà Lẹ́kí sí Ẹ̀pẹ́ ló rọrùn jù. Hẹ́kítà 78 ni, pákó ni wọ́n fi ṣe ojú ọ̀nà lórí irà, ẹ ò ní ṣìnà. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ bá àwọn ará Erédò sọ̀rọ̀ nípa kòtò Erédò Sùngbọ́, kòtò àtijọ́ tó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká. Níbi tí wọn ò tíì gé igi orí rẹ̀, ìsàlẹ̀ kòtò náà tutù, ó ṣókùnkùn, ewé tó jábọ́ níbẹ̀ nípọn, irú ibi tí àwọn ẹyẹ yìí fẹ́ràn. Ẹni tó bá fẹ́ rí àwọn ti inú ẹgàn gan-an, igbó Ọmọ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, lápá Ìjẹ̀bú, ni kó múra sí, kó sì gba àṣẹ kó tó gbéra.

Kí ẹ tó wọ igbó

1. Ẹ wá ẹni tó ni ilẹ̀. Kò sí igbó tí kò lólúwa. Ẹ lọ kí baálẹ̀, ẹ jẹ́ kó sọ ìdílé tó ni ilẹ̀ náà fún yín. Ẹ má ṣe dúró dìgbà tí wọ́n bá bá yín níbẹ̀ kí ẹ tó máa ṣàlàyé.

2. Ẹ bi wọ́n ní ibi èèwọ̀ àti ọjọ́ èèwọ̀. Igbó tó dúró pẹ́ jù ní àdúgbò wa, ọ̀pọ̀ ìgbà igbó awo ni, ìdí tó fi dúró pẹ́ nìyẹn. Bí wọ́n bá ní ẹ má dé ibì kan, ẹ má dé ibẹ̀. Bí àsìkò orò bá wà nílẹ̀, ẹ sún ìrìn náà síwájú, pàápàá bí obìnrin bá wà nínú yín.

3. Ẹ wá ọdẹ. Èyí ṣe pàtàkì ju báínókúlà lọ. Ẹ kí i dáadáa: "Àrìnpa o, bàbá. Ẹyẹ la fẹ́ wá fojú wò. A ò mú ìbọn, a ò mú àwọ̀n, a ò ní gbé ohunkóhun jáde. Ẹ jọ̀ọ́, ibo ni tàkúté yín wà?" Ẹ wá bi í níbi tó ti rí ìjàlọ láìpẹ́ yìí. Bàbá tó ń rin igbó náà lóru lọ́sàn-án mọ ibi tí wọ́n gbà lánàá. Bó bá gbà láti bá yín lọ, ẹ fún un lówó iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ má sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ "bàbá ṣáà sìn wá dé ọ̀hún".

4. Ẹ má dá lọ. Ẹni méjì tàbí mẹ́ta ti tó. Bí ẹ bá ju márùn-ún lọ, ẹ ò ní rí nǹkan kan. Ẹ sọ fún ẹnìkan nílé ibi tí ẹ ń lọ àti ìgbà tí ẹ máa dé.

Ohun tí ẹ máa gbé

- Báínókúlà 8x32 tàbí 8x42 (nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni iye ìgbà tó ń mú nǹkan tóbi lójú)
- Bàtà òjò gígùn, ṣòkòtò gígùn, ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn
- Aṣọ aláwọ̀ ilẹ̀ tàbí aláwọ̀ ewé tó ti ṣá
- Omi mímu, ìwé kékeré, pẹ́ńsùlù (yíǹkì máa ń tú nínú ọ̀rinrin)
- Fóònù tí ẹ ti pa ohùn rẹ̀, tí bátìrì rẹ̀ kún

Ẹ jẹ́ kí n tẹnu mọ́ báínókúlà díẹ̀. Àwọn tó ń tà á lọ́jà máa ń fẹ́ kí ẹ ra èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ tóbi jù, 12x tàbí 20x. Ẹ má rà á. Abẹ́ igi ṣókùnkùn, ẹyẹ kò sì jìnnà sí yín ju mítà mẹ́rin, márùn-ún lọ. Bí nọ́ńbà bá ṣe tóbi tó ni ọwọ́ yín á ṣe máa gbọ̀n tó, ibi tí ẹ lè rí náà á sì kéré. Kí ẹ tó sanwó, ẹ fi wo bàtà ara yín lórí ìdúró. Bí kò bá fi bàtà náà hàn kedere, kò wúlò nínú igbó wa.

Ìkìlọ̀: ẹ má wọ aṣọ tó jọ ti sójà. Yàtọ̀ sí pé ó lè kó yín sí wàhálà lójú ọ̀nà, ọdẹ tó wà nínú igbó tó dí gbọ́dọ̀ lè mọ̀ pé ènìyàn ni yín. Fìlà tó tàn díẹ̀ kò burú títí ẹ ó fi dé ibi tí ẹ máa dúró sí. Ẹ lè ṣí i níbẹ̀.

Àsìkò

Kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ni kí ẹ ti wà létí igbó, bí aago mẹ́fà ààbọ̀. Lẹ́yìn aago mẹ́wàá, igbó máa ń dákẹ́. Ọ̀la òjò dára jù lọ, torí ìjàlọ máa ń jáde dáadáa bí ilẹ̀ bá tutù. Nígbà ọyẹ́, tí ilẹ̀ bá gbẹ, ẹ lo ọ̀nà omi tí mo kọ sí ìsàlẹ̀.

Bí ẹ ṣe máa ka ọ̀nà ìjàlọ

Ibí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í. Wọ́n á rí ìjàlọ tó tò lọ gbọọrọ lójú ọ̀nà, wọ́n á dúró tì í fún wákàtí kan, wọn ò ní rí ẹyẹ kan, wọ́n á ní irọ́ ni wọ́n pa fáwọn. Ìtò gbọọrọ yẹn kọ́ ni ẹyẹ ń wá. Ọ̀nà tí ìjàlọ fi ń lọ sẹ́nu iṣẹ́, tí wọ́n sì fi ń gbé ẹran padà sílé, nìyẹn. Kòkòrò kò sí níbẹ̀ mọ́. Iwájú ogun, níbi tí wọ́n ti fọ́n ká sórí ewé gbígbẹ tí ìrẹ̀ àti aáyán ń fò sókè, ibẹ̀ ni ẹyẹ máa ń pọ̀ sí. Báyìí lẹ ṣe máa dé ibẹ̀:

1. Ẹ rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ lójú ọ̀nà tó ti wà tẹ́lẹ̀. Ẹ má gé igbó. Ẹ máa wo ilẹ̀, ẹ máa dúró díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì tẹ́tí. Bí ẹ bá gbọ́ tí ẹyẹ bíi mẹ́ta tí ohùn wọn yàtọ̀ síra ń ké lójú kan nísàlẹ̀ igbó tó dí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibi tí ìjàlọ wà nìyẹn.

2. Bí ẹ bá rí ìtò ìjàlọ, ẹ má fẹsẹ̀ dá a. Ẹ dúró ní nǹkan bíi mítà méjì sí i, kí ẹ gbé báínókúlà sójú, kí ẹ wo ohun tí wọ́n gbé. Ẹ ó rí àwọn olórí ńlá tó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, tí wọ́n la ẹnu sókè. Ẹ̀ṣọ́ ni wọ́n. Láàárín wọn ni àwọn kéékèèké ń gbà kọjá, òmíràn ń lọ lọ́wọ́ òfo, òmíràn gbé ẹsẹ̀ ìrẹ̀ tàbí ìdajì aáyán.

3. Ẹ mọ ibi tí àwọn tó gbé ẹran ti ń bọ̀. Ilé ni wọ́n ń gbé ẹran lọ. Ẹ kọjú sí ibi tí wọ́n ti ń bọ̀, ibẹ̀ ni ogun wà. Ṣùgbọ́n bí gbogbo wọn bá ń lọ sí apá kan ṣoṣo, tí ohun tí wọ́n gbé sì funfun, ọmọ wọn ni wọ́n gbé, wọ́n ń kó kúrò nílé ni. Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, ẹ wá òmíràn.

4. Ẹ máa bá ìtò náà lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ má súnmọ́ ọn ju mítà méjì lọ, títí ẹ ó fi rí i pé ó ti pín sí méjì, sí mẹ́ta, sí ọ̀pọ̀ ẹ̀ka tó ń tàn kálẹ̀. Láìpẹ́ ẹ máa gbọ́ tí ewé gbígbẹ ń dún ṣàkàṣàkà níwájú. Kòkòrò tó ń sá ló ń dún bẹ́ẹ̀.

5. Ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ má bọ́ síwájú. Bíi mítà márùn-ún sí ẹ̀gbẹ́ ogun náà dára. Bí ẹ bá dúró síwájú, ẹ ti gba àyè ẹyẹ, ìjàlọ á sì dé ọ̀dọ̀ yín láìpẹ́. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn lẹ dúró sí, oúnjẹ ti tán níbẹ̀. Ẹ fẹ̀yìn ti igi, kí ìrísí yín má baà hàn gedegbe. Ṣùgbọ́n ẹ wo ara igi náà láti òkè délẹ̀ ná, torí ìjàlọ máa ń gun igi.

6. Ojú yín kò gbọdọ̀ kúrò lára àwọn ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tó dúró gangan, tó ga tó orúnkún tàbí ìbàdí. Àwọn igi kéékèèké wọ̀nyí ni ẹyẹ máa ń bà lé. Alethe á fẹsẹ̀ méjèèjì di ọ̀pá mú ní ẹ̀gbẹ́, á tẹ orí sílẹ̀, á já bọ́ lójijì, á ṣa kòkòrò kan, á sì ti padà sórí ọ̀pá kí ìjàlọ tó kàn án lẹ́sẹ̀. Kì í ṣe ìjàlọ fúnra rẹ̀ ló ń jẹ. Ohun tí ìjàlọ lé jáde ló ń jẹ. Ẹ yan ọ̀pá kan tó ti bà lé lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ gbé báínókúlà sí i, kí ẹ dúró. Ó máa padà wá.

7. Bí ogun bá ti ṣí síwájú, ẹ jẹ́ kó lọ díẹ̀ ná, kí ẹ tó yí gba ẹ̀gbẹ́ lọ bá a. Ẹ má gba àárín kọjá.

*Bí ìjàlọ bá gùn yín:* ẹ má dúró lórí wọn máa gbọn ara. Ẹ kọ́kọ́ sá jìnnà sí ibẹ̀, lẹ́yìn náà kí ẹ máa yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹnu wọn máa ń há sára, ẹ fa wọ́n pẹ̀lú sùúrù. Ẹ ti ẹnu ṣòkòtò bọ inú ìbọ̀sẹ̀ kí ẹ tó kúrò nílé, ìyẹn ló ń gba ènìyàn jù. Ẹ má gbé ọmọ kékeré súnmọ́ ibi tí ogun ìjàlọ wà rárá.

Bí ẹ ò bá rí ìjàlọ

Ọ̀pọ̀ ọjọ́ lẹ ò ní rí i. Ọ̀nà mẹ́ta ló kù:

- Omi. Ẹ wá odò kékeré tàbí omi tó dúró sójú kan lábẹ́ igi, kí ẹ jókòó síbi tó jìnnà díẹ̀ sí i, kí ẹ má mira. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ìrọ̀lẹ́ dára fún èyí ju àárọ̀ lọ, torí ẹyẹ máa ń wá wẹ̀ kí ó tó lọ sùn.
- Ẹgbẹ́ ẹyẹ. Láàárọ̀, ẹyẹ oríṣiríṣi máa ń kó ara wọn jọ rìn nínú igbó, wọ́n á jọ máa wá kòkòrò lọ. Fún ìgbà pípẹ́ igbó á dákẹ́ rọ́rọ́, lójijì ẹyẹ á yí yín ká. Flycatcher tó ní ara ọsàn yẹn sábà máa ń wà nínú wọn, òun lẹ máa kọ́kọ́ rí. Ẹ má sáré tẹ̀ lé wọn. Ẹ wo ibi tí wọ́n kọjú sí, kí ẹ yí lọ dúró dè wọ́n níwájú.
- Etí. Ẹ yan ohùn ẹyẹ mẹ́ta péré, kí ẹ máa gbọ́ ọ nílé lórí xeno-canto, ìkànnì íntánẹ́ẹ̀tì tí wọ́n kó ohùn ẹyẹ sí, títí á fi mọ́ yín létí. Bí ẹ bá kó ogún ohùn sórí lẹ́ẹ̀kan, gbogbo rẹ̀ á dàrú mọ́ yín lójú.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀

*Kí èèyàn máa fi fóònù kọrin pe ẹyẹ.* Èyí ń dùn mí gan-an. Bí ẹ bá ń gbé ohùn ẹyẹ sáfẹ́fẹ́ léraléra, ẹyẹ tó ni ibẹ̀ á rò pé àjèjì fẹ́ gba ilẹ̀ òun. Á pa oúnjẹ tì, á pa ọmọ tì, á máa bá ohùn tí kò lára jà. Ẹ má ṣe é, pàápàá lásìkò tí wọ́n bá ń tọ́ ọmọ.

*Kí èèyàn gba ohun tí áàpù sọ láìfojú rí i.* Merlin, áàpù tó ń fi ohùn dá ẹyẹ mọ̀, wúlò, ọ̀fẹ́ sì ni, ṣùgbọ́n ohùn àwọn ẹyẹ abẹ́ igbó wa jọra. Ohun tó bá sọ, ẹ fi ojú yín wádìí rẹ̀.

*Fọ́tò.* Fóònù kò lè ya ẹyẹ yìí nínú òkùnkùn, iná fóònù á sì lé e lọ. Ẹ wò ó tẹ́rùn. Ẹ kọ àwọ̀ ọ̀fun, àwọ̀ ikùn, gígùn ìrù àti ibi tó bà lé sínú ìwé, ìyẹn á jẹ́ kí ẹ dá a mọ̀ nígbà tí ẹ bá délé.

*Òórùn.* Ẹ má fín lọ́fínńdà. Oògùn ẹ̀fọn, ilé ni kí ẹ ti fi para.

Bí ẹ ò bá lè wọ igbó

Àgbàlagbà, ẹni tó lóyún, ẹni tí ẹsẹ̀ ń dùn, gbogbo wọn lè rí ẹyẹ abẹ́ igbó ní ẹ̀yìnkùlé. Camaroptera àti Brown-throated Wattle-eye máa ń gbé nínú ọgbà bí àyè bá wà fún wọn.

1. Ẹ fi igun kan sílẹ̀ lẹ́bàá ògiri, ẹ má ro ó, ẹ má gbá ewé rẹ̀.
2. Ẹ gbé àwo omi tí kò jìn ju ìka méjì lọ sábẹ́ igi, ẹ máa pààrọ̀ omi náà lójoojúmọ́ kí ẹ̀fọn má baà yé ẹyin síbẹ̀.
3. Ẹ má fín oògùn apakòkòrò sí igun náà. Kòkòrò tí ẹ fẹ́ pa yẹn loúnjẹ ẹyẹ.
4. Kí ẹ tó gé ọgbà, ẹ wò ó dáadáa. Ìsàlẹ̀ ni Camaroptera ń kọ́ ilé sí, ó máa ń rán ewé pọ̀ mọ́ra tí ilé náà á fi pamọ́ sáàárín wọn, àdá á sì ti gé e kí ẹ tó mọ̀.

Bí ẹ ṣe máa kọ ohun tí ẹ rí sílẹ̀

Ohun tí ẹ bá rí ní Ẹ̀pẹ́ wúlò fún àwọn tó ń ṣèwádìí, torí igbó wa ń tán kíákíá. Nigerian Bird Atlas Project, tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2015 pẹ̀lú ilé ìwádìí ẹyẹ A.P. Leventis tó wà ní Jos, ń gba àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni lórí áàpù BirdLasser. Wọ́n pín ilẹ̀ Nàìjíríà sí onígun mẹ́rin kéékèèké, ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan tó bíi kìlómítà mẹ́sàn-án. Ẹ ní láti lo wákàtí méjì ó kéré tán nínú ọ̀kan, kí ẹ sì kọ gbogbo ẹyẹ tí ẹ rí tàbí tí ẹ gbọ́ sílẹ̀ bí wọ́n ṣe tẹ̀ léra. Ológoṣẹ́ àti ẹ̀gà wà nínú "gbogbo" yẹn. Ẹyẹ tí kò bá dá yín lójú, ẹ fò ó. Ẹ má méfò.

Ẹ fi kún un bóyá ẹ rí ìjàlọ tàbí ẹ ò rí i, àti ẹyẹ tí ẹ bá níbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ìtẹ́ lẹ rí, ẹ kọ orúkọ ẹyẹ náà àti ọjọ́ tí ẹ rí i, ṣùgbọ́n ẹ má gbé ibi tó wà síta fún gbogbo ayé, ẹ má sì padà lọ wò ó.